Àpótí Olúọdẹ àti Igi Irin Ìsàlẹ̀ Òkun

"Ẹ̀yin ará Ẹsẹ̀-Àbàtà, ẹ fetí sílẹ̀. Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń kí kí ó tó kú. Mo ti wọ igbó tí iwin ibẹ̀ fi ilé sílẹ̀ fún mi. Mo ti wọ omi débi tí omi parí sí, mo sì bá ìlú mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwà rere tí Elédùmarè fi jíǹkí mi, èyí tó ga jù ni pé èmi kò jowú rí. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, n kò tíì wo ohun ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ tí Baálẹ̀ pe gbogbo ìlú jọ sí iwájú ilé àwọn ọdẹ. N kò tíì pa ẹnu dé tí ojú mi fi bọ́ sára Látúnjí, ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Orí àga onítìmùtìmù ni ó wà. Orí bẹ́ǹṣì ni èmi wà, bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

"Baálẹ̀," mo ní, "ta ló gbé àga yẹn fún Látúnjí?"

"Ilé rẹ̀ ló ti gbé e wá," Baálẹ̀ dáhùn. "Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé èèyàn lè gbé àga wá láti ilé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Látúnjí na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sá ẹsẹ̀ sóòrùn. Mo gbé ojú kúrò. Mo tún wò ó.

Kí ẹ lè mọ ohun tí à ń jà lé, ẹ gbọ́. Ṣówándé ni orúkọ Olúọdẹ wa àtijọ́, òun ni baba Àwẹ̀ró ìyàwó mi. Nígbà tí ó kú, àpótí ìrókò kan ni ó fi sílẹ̀, èyí tí gbogbo Olúọdẹ ìlú yìí ti ń jókòó lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin wa ni pé bí kò bá tíì sí ẹni tí yóò jókòó lé àpótí náà, ojú kankan kò gbọdọ̀ rí i. Àkọ́bí òkú ni yóò fi aṣọ funfun wé e, òun nìkan. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí. Ó wé e, a gbé e sórí àjà ilé àwọn ọdẹ, láti ìgbà náà, ọdẹ tó bá wọlé á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi àti Látúnjí ti fi ń jà nítorí rẹ̀. Ó sú Baálẹ̀. Ó ní ọjọ́ náà ni ìlú yóò gbọ́ ẹjọ́ wa, tí wọn yóò sì yan ẹnìkan.

Ẹ wo ohun tí mo lè pàdánù ní ọjọ́ náà: àpótí baba ìyàwó mi. Bí Látúnjí bá gbà á, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wọ ilé ara mi?

Bí mo ti ń gbá ọ̀fun mọ́ láti tẹ̀síwájú, Àwẹ̀ró kọjá níwájú gbogbo èrò, ó yí odó Ìyá Bọ̀sẹ̀dé bọ̀ láti ojúlé kejì. Ojú tì mí. "Àwẹ̀ró," mo ní, "ìyàwó ọdẹ ńlá ń yá odó kiri?"

"Iyán lo ní o fẹ́ jẹ, bàbá," ó ní. Ó kọjá lọ. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró ọmọ odó láti ẹ̀yìnkùlé.

Mo wá kó ìtàn náà jáde.

Gbogbo yín ni ẹ mọ páìpù tó yọ orí létí odò wa. Láyé àwọn baba ńlá wa ni àwọn ará ìsàlẹ̀ òkun ti nà án wá, epo ni ó ń tú fún wa: epo fìtílà, epo sítóòfù. Ní ọdún tí Ṣówándé kú, páìpù náà wúkọ́, ó tu èéfín díẹ̀, ó dákẹ́. Ilé ṣókùnkùn, sítóòfù di ìdérí ìkòkò. Ohùn kan wá gba inú páìpù náà wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ní: "Ẹ rán ọdẹ méjì wá. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe mẹ́ta." Baálẹ̀ ní ẹni tó bá mú kí epo tún ṣàn ni yóò jókòó lé àpótí. Wọ́n yan èmi. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n yan Látúnjí náà, mo bi Baálẹ̀ bóyá ohùn yẹn kò ṣi kà.

Àwẹ̀ró di oúnjẹ ọ̀nà fún àwa méjèèjì. Mo tú ti Látúnjí wò nígbà tí kò sí nítòsí. Ẹran tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, tèmi mẹ́ta.

"Àwẹ̀ró, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Tìrẹ ló tóbi."

Mo gbé wọn lọ́wọ́ wò. Lóòótọ́ ni, tèmi wúwo jù. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni mẹ́rin ń jẹ́. Bí ọkàn mi ṣe wà nìyẹn títí a fi wọ Igbó Ìlara.

Ẹ̀yin kò mọ Igbó Ìlara. Níbẹ̀, igi kì í wo òkè. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń wò. Bí igi kan bá so èso kan, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á so méjì, ti ẹ̀yìn á so ogún, títí ẹ̀ka á fi ya, tí gbogbo wọn á di igi ìdáná. Ẹyẹ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìkejì. Ìkà ni igbó náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀.

Àárín igbó náà ni a ti pàdé Olórí-Méjì-Olójú-Kan. Ara kan ni ó ní, orí méjì, ẹyinjú kan ṣoṣo. Bí orí ọ̀tún bá fẹ́ wò, orí òsì á yọ ẹyinjú náà fún un. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi í sílẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ fi wò.

"Ta ni wọ́n?" orí òsì béèrè, ihò ojú rẹ̀ ṣófo.

"Ọdẹ méjì," orí ọ̀tún wí.

"Ta ló rẹwà jù?"

"N kò ní sọ fún ọ. Ìwọ náà dúró de àsìkò rẹ."

Ni orí òsì bá bínú, ó ní a kò ní kọjá bí a kò bá já àlọ́ òun. Ó ní: "Ọmọ kan sùn sáàárín ìyá méjì. Bí àwọn ìyá náà bá jọ rọra dìde, ọmọ á yọ́, á lọ ní àlàáfíà. Bí ọ̀kan bá ṣáájú dìde, ọmọ náà á pa á. Kí ni ọmọ náà?"

Látúnjí fẹ́ ronú. Èmi kì í dúró kí ẹlòmíràn ronú níwájú mi. "Ilé olórogún," mo ní, "ọmọ náà ni ìdí ogún."

Orí méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹyinjú náà fi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn. Bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ talẹ̀ kiri inú ewé láti wá ojú wọn, tí oníkálukú ń sọ pé òun ni òun gbọ́dọ̀ rí i, àwa kọjá. Ẹ rántí pé èmi ni mo mú wa kọjá.

"Èmi ni mo tẹ ẹyinjú náà mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà tètè rí i," Látúnjí sọ láti orí àga rẹ̀.

"Baálẹ̀, ṣé ìtàn ta ni à ń gbọ́ báyìí?"

"Máa lọ," Baálẹ̀ ní.

Ọ̀nà jìn, n kò ní fi ẹsẹ̀ dá yín lágara. A dé òkun. Ọkọ̀ kan wà lójú agbami tí kò ju ìdákọ̀ró, síbẹ̀ tí kì í yẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ tó ń yí omi kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ìgbì bá tì í síhìn-ín, ẹsẹ̀ náà á tì í padà sọ́hùn-ún. Dúró-Gbọin ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó ni ín ni Yèyé Atọ́kànga. Ọrùn rẹ̀ gùn débi pé láti orí ìjókòó rẹ̀, ó lè ki orí bọ òkun, kó wo ìsàlẹ̀, kó tún gbé e sókè wá bá ọ sọ̀rọ̀, omi á máa kán tó tó tó sí ọ lára.

"Ẹ̀yin ni ọdẹ Ẹsẹ̀-Àbàtà?" ó ní. "Ẹ jókòó. Lábẹ́ ọkọ̀ mi yìí ni kànga epo wà, ó jìn wọ inú ilẹ̀ ju gbogbo ọ̀nà tí ẹ rìn wá lọ. Lẹ́nu kànga náà ni igi irin dúró sí. Kò ní ewé. Fáàfù ni ẹ̀ka rẹ̀, èyí tí ẹ ń yí kí epo ṣàn, tí ẹ ń yí kí epo dúró. Àwọn èèyàn rò pé bí a bá ti gbẹ́ kànga, iṣẹ́ parí. Ọmọ ni kànga. À ń wẹ̀ ẹ́, à ń fọ ọ̀fun rẹ̀, à ń wo ibi tó ń ro ó. Èyí ń ṣàìsàn."

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní.

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ó wò mí, omi sì kán sí mi lójú.

Ibi tí ìjà ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Yèyé ní akàn irin kan, ó tó àgbò ńlá, ojú rẹ̀ jẹ́ fìtílà méjì, okùn ìdodo gígùn ni ó fi so mọ́ ọkọ̀. Akàn yìí ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ síbi tí èèyàn kò lè dé kí òkun má fọ́ ọ bí ẹyin, òun ni ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tú ìdè, tó ń so ìdè. Ẹni tó ń tọ́ ọ ni ó ń fi ìka rẹ̀ darí rẹ̀, bó wà lókè, bó wà nísàlẹ̀. Yèyé ní kí n dán an wò. Mo gbé ìka sí i, akàn náà gbé òkúta, ó jù ú lu ọkọ̀. Ó ní kí Látúnjí dán an wò. Látúnjí gbé ìka sí i bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ tó ń sùn lórí, akàn náà lọ, ó bọ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì juwọ́ sí i.

Ó juwọ́ sí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Irin ni o.

"Látúnjí ni yóò máa tọ́ akàn," Yèyé ní. "Ìwọ, máa bá wa di okùn rẹ̀ mú."

Èmi Ògúnmọ́dẹdé di ẹni tó ń mú okùn ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí akàn náà bá gòkè, ó máa rìn kọjá lára mi láti lọ kí Látúnjí. Mo fi ẹran mi tó kù bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ ẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà wá fi oògùn kan kùn wá lára kí òkun má fọ́ wa, wọ́n gbé wa sínú ìkòkò irin, wọ́n sọ wá kalẹ̀. A dé ìlú Ìdí-Igi-Irin. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń tàn, ẹja tí ń gbé fìtílà rìn ni ọlọ́dẹ ìlú. Igi irin náà dúró láàárín ọjà bí ọba tó ní àrùn ọ̀fun.

"Ẹ káàbọ̀," igi náà wí, ohùn rẹ̀ há. "Ẹ̀yin náà ti pẹ́ jù. Igi ẹ̀gbẹ́ mi yìí, lọ́dọọdún ni wọ́n ń fọ ọ̀fun rẹ̀. Kí ni mo ṣe tí wọn kì í fọ tèmi?"

"Ìwọ kì í ké ni," igi kejì dáhùn láti ìta ọjà. "Ẹni tó bá ké ni à ń gbọ́."

"Tèmi ń dùn mí jù tìrẹ."

"Irọ́ ni. Tèmi ló ń dùn jù."

Mo bá igi náà kẹ́dùn. Òun nìkan ni ó mọ ohun tí mo ń là kọjá.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbá irin kan ni wọ́n kọ́kọ́ dé mọ́ igi náà lórí, àgbá onílẹ̀kùn méjì. Bí wọ́n bá ṣí ti òkè láti gbé irinṣẹ́ sínú rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ wà ní títì. Bí wọ́n bá ṣí ti ìsàlẹ̀, ti òkè wà ní títì, kí epo má baà fò jáde sínú òkun. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Yèyé kì í fi í ṣeré. Wọ́n ta okùn wáyà tín-ín-rín kan sísàlẹ̀ tòun ti irin wíwúwo ní ìdí rẹ̀. Nígbà tó gòkè, iyanrìn àti ọ̀rá dídì lẹ̀ mọ́ imú irin náà. "Ẹ rí àrùn náà," Yèyé wí. Wọ́n wá yí okùn oníhò kan sílẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ tó tó ilé, okùn náà wọ ọ̀fun kànga lọ bí ejò, ó ń tu omi lẹ́nu, omi náà ń fọ iyanrìn gòkè wá. Èmi ni mo yí kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Látúnjí bí mo bá purọ́.

"Òun ló yí i," Látúnjí ní. "Ó ń yí i sí òdìkejì fún ìgbà díẹ̀."

Igi náà gbá ọ̀fun mọ́, ó kọ orin díẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ là. Síbẹ̀ epo kò dé Ẹsẹ̀-Àbàtà. Yèyé ki orí bọ omi wá bá wa, ọrùn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí okùn kànga.

"Ìdènà kejì ló kù," ó ní. "Yìnyín dí páìpù tó ń lọ sí ìlú yín. Afẹ́fẹ́ epo pàdé omi nínú òtútù, wọ́n dì."

"Ẹ fún mi ní òòlù," mo ní.

"Bí o bá lù ú, o ó kú."

"Iná ńkọ́?"

"Bí o bá dáná sí i, o ó kú, a ó sì bá ọ kú. Gbọ́. Agbára ń ti yìnyín náà lọ́tùn-ún, agbára ń tì í lósì, ìyẹn ló fi jókòó. Fáàfù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ó máa tú agbára sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà, yìnyín á yọ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ọwọ́ kan kò lè dé méjèèjì. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n rán ọdẹ méjì nìyẹn. Ọ̀tún ní ń wẹ òsì, kí òsì wẹ ọ̀tún." Ó yí ojú sí mi. "Ọdẹ ni ọ́, o mọ ṣakabùlà. Ẹ̀tù lẹ́yìn, ọta níwájú, ẹnu ìbọn ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ṣáájú ṣí fáàfù tirẹ̀, òun ni ó wà lẹ́nu ìbọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni wọ́n ń kọ́ ní ìbọn? Mo ti ń ki ẹ̀tù kí ọrùn rẹ̀ tó gùn.

Wọ́n so okùn kan láàárín wa. Mo dúró lọ́tùn-ún, Látúnjí lósì, òkùnkùn wà láàárín. Bí mo bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, n ó yí fáàfù ní ìwọ̀n fífẹ̀ awẹ́ obì. Bí ó bá fà á padà, òun náà ti yí tirẹ̀. Fà, yí, dúró. Fà, yí, dúró. A ń ṣe é dáadáa. Ṣebí àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ọjọ́ náà, àwa ejò méjì jọ ń rìn. Mo gbọ́ tí yìnyín náà ń dún ṣẹ́ṣẹ́ nínú páìpù, ó ń yọ́.

Ni mo rí iná tó ń bọ̀. Akàn Látúnjí ni. Ó wá dúró níwájú mi, ó tan fìtílà rẹ̀ méjèèjì sí mi lọ́wọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé: ẹ wo ọkùnrin yìí, ó ń rán ìmọ́lẹ̀ wá fi ṣe fáàrí níbi tí mo wà nínú òkùnkùn. Igi irin náà sì wí láti ẹ̀yìn pé, "Ọwọ́ Látúnjí mà rọ̀ o." Ó dára. Bí epo náà bá ṣàn, ta ni wọn yóò ní ó ṣí i?

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti yọ̀.

"Ọwọ́ rẹ ṣe kí ni?" ọ̀kan nínú àwọn àgbà béèrè.

"Ó yọ̀. Òógùn ni."

"Nínú omi?"

"Òógùn mi pọ̀. Mo ń sọ̀rọ̀, bàbá."

Ọwọ́ mi yọ̀, ó yí fáàfù náà tán pátápátá. Ohun kan dún gbòlà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdáhùn àlọ́ Olórí-Méjì: yìnyín ni ọmọ náà, àwa ni ìyá méjèèjì, èmi sì ni mo ṣáájú dìde. Yìnyín náà jáde bí ọta, ó gbá fáàfù mọ́ mi láyà, ó gbé mi. Mo gun orí rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin, mo la òkun kọjá, mo jáde lójú omi. Yèyé yí ọrùn rẹ̀ tẹ̀lé mi bí mo ti ń kọjá. Mo fò kọjá lórí Igbó Ìlara. Gbogbo igi ibẹ̀ jowú pé àwọn kò lè fò, wọ́n sì fa gbòǹgbò wọn yọ. Olórí-Méjì ń jà sí ẹyinjú rẹ̀, "fún mi kí n wò ó, fún mi kí n wò ó," kí wọ́n tó parí ìjà náà mo ti lọ. Yìnyín ń yọ́ lábẹ́ ìdí mi. Ó parí gẹ́lẹ́ nígbà tí mo dé òkè ilé mi, mo já bọ́ sórí òkìtì igi tí òjò ti rẹ ní ẹ̀yìnkùlé.

Àwẹ̀ró yọjú láti ilé ìdáná.

"O ti dé," ó ní. "Rọra. Igi tútù ni, má tún tẹ̀ ẹ́ wọ ẹrẹ̀."

Ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná fún mi àti ẹ̀bà. Epo kò sí nínú ìlú, igi tútù nìyẹn tí mo jókòó lé, síbẹ̀ ọbẹ̀ ń hó. N kò béèrè ohun tí ó fi sè é. Ebi kì í béèrè.

Mo sọ fún gbogbo ìlú pé epo ń bọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, páìpù wúkọ́, epo ṣàn. Ẹ gbé mi sí èjìká, ẹ fi mí yí ìlú ká. Ẹ̀yin náà nìyí tí ẹ ń wo ilẹ̀ báyìí. Ta ló kọ́kọ́ délé? Èmi. Ta ló sọ pé epo yóò dé? Èmi. Mo jókòó.

Bẹ́ǹṣì náà yẹ̀, mo sì tún dìde díẹ̀.

Baálẹ̀ yí sí ọ̀tún. "Látúnjí, sọ tìrẹ."

Látúnjí kò dìde lórí tìmùtìmù rẹ̀. "Nígbà tí Ògúnmọ́dẹdé fò lọ," ó ní, "ìlẹ̀kùn kékeré tó wà nínú ọ̀fun igi irin náà tì fúnra rẹ̀, bí Yèyé ṣe kọ́ ọ kó máa ṣe, òun ni epo kò fi tú kún òkun. Èmi àti akàn gé fáàfù tí ó bàjẹ́, a fi tuntun síbẹ̀. A ti ìlẹ̀kùn ọ̀fun náà ṣí padà díẹ̀díẹ̀. Epo wá. Mo fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Mo dé, mo bá Ògúnmọ́dẹdé lórí èjìká yín, ó ń juwọ́ sí mi."

Àwọn èèyàn kùn. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń fì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Bi í léèrè ohun tí akàn rẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ mi," mo ní.

Látúnjí tún tìmùtìmù rẹ̀ ṣe.

"Látúnjí," Baálẹ̀ ní, "ta ló rán akàn lọ?"

"Èmi ni." Ó fi ọwọ́ gbá eṣinṣin tí kò sí. "Mo ní kó lọ wò ó fún mi bóyá ó ń yí tirẹ̀ ju tèmi lọ."

"Ó ń yí i?"

"Rárá. Ọgbọọgba ni. Ṣùgbọ́n kí akàn tó padà wá sọ fún mi, èmi ti yí tèmi kún un lẹ́ẹ̀mejì. Tirẹ̀ kàn yá ju tèmi ni."

Ẹ̀rín bú jáde. Mo fò sókè. Látúnjí náà dìde wàyí, a sì fi ìka sí ara wa lójú. Baálẹ̀ ní kí ìlú na ọwọ́: àwọn tó ń ṣe tèmi, àwọn tó ń ṣe ti Látúnjí. Wọ́n kà á, ó dọ́gba. Wọ́n tún un kà, àwọn kan na ọwọ́ méjèèjì.

"Ó tó," Baálẹ̀ ní. "Ìlú ti fẹ́ yan ẹni, òfin kò dí wa mọ́. Ẹ gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá bá a mu, kó gbà á."

Àwọn ọdẹ àgbà gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, tòun ti aṣọ funfun tó ti di aláwọ̀ eérú. Gbogbo ọdẹ dọ̀bálẹ̀. Èmi àti Látúnjí dọ̀bálẹ̀ sún mọ́ ọn ju gbogbo wọn lọ, oníkálukú ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti èkejì. Ìró ọmọ odó ti dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Àwẹ̀ró ń bọ̀, ó ń yí odó Ìyá Bọ̀sẹ̀dé padà lọ sí ojúlé kejì, ó dúró nígbà tó rí wa nílẹ̀.

Baálẹ̀ tú okùn. Aṣọ ṣí.

Odó ni. Wọ́n da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, èépá iyán àtijọ́ ṣì wà létí rẹ̀.

Ọdẹ àgbà kan tó ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀ fi ọwọ́ gbọn àyà aṣọ rẹ̀. Látúnjí wò mí, mo wò ó; ó pẹ́ tí a ti wo ara wa láìsí ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní.

"Àwẹ̀ró," Baálẹ̀ ní, "àpótí baba rẹ dà?"

Àwẹ̀ró nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Ọjọ́ tí ọkọ mi já bọ́ yẹn, epo ti tán, òjò sì ti rẹ gbogbo igi. Àpótí yẹn nìkan ló gbẹ. Ó jó dáadáa, kò ní èéfín. Odó wa ni mo wé sórí àjà dípò rẹ̀."

Ó wo odó tó wà níwájú wa.

"Bí ẹ bá ti dìde," ó ní, "ẹ bá mi gbé e wọlé. Ó ti sú mi láti máa yá ti Ìyá Bọ̀sẹ̀dé."